Ẹ Bi Wọ́n Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Èèyàn Dúró: Ìdáhùn fún Bàbá Ìbejì lórí Zipline ní Costa Rica

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé. Ní oṣù Keje tó ń bọ̀, mo fẹ́ kó ìdílé mi lọ sí Costa Rica fún ọjọ́ mẹ́jọ, ká lè gun zipline, wáyà tí èèyàn ń so rọ̀ mọ́ tó sì ń sáré lọ lórí igbó. Èmi àti ìyàwó mi ni, ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 7, àti màmá mi, ẹni ọdún 69, tí wọ́n máa ti Ìbàdàn wá bá wa. Ẹ̀rù ibi gíga máa ń ba ìyàwó mi. Èwo ló gùn jù, èwo ló sì yá jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀? Ṣé a máa rí ẹranko? Kí ni kí n kọ́kọ́ san owó rẹ̀? (Bàbá Ìbejì)

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Kí èèyàn kó ìran mẹ́ta sínú bàálù kan náà, iṣẹ́ ńlá ni. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó náwó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ẹ bi mí. Wáyà tó gùn ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ wà ní Monteverde, ìlú kan lórí òkè ní Costa Rica. Wọ́n á de èèyàn mọ́ ọn ní ìdojúbolẹ̀, apá á wà ní nínà bíi ti àṣá. Ọmọ yín ọkùnrin máa fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má fi gígùn tàbí eré yan ibi tí ẹ máa kó ìdílé lọ. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe amọ̀nà lórí wáyà, tí mo sì ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́. Gbogbo ẹni tí mo rí tó fara pa, ibi ìdúró ló ti fara pa. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyí: báwo lẹ ṣe ń dá èèyàn dúró? Báwo lẹ sì ṣe máa dá ọmọ ọdún 7 dúró?

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á so wáyà irin láti orí pèpéle kan sí òmíràn, ti ìbẹ̀rẹ̀ á ga ju ti ìparí lọ. Lórí ọ̀pọ̀ wáyà tí àlejò ń gùn, ìdagẹ̀rẹ̀ náà kì í ju nǹkan bíi mítà 3 sí 6 lọ lórí mítà 100. Púlì á máa yí lórí wáyà, ẹ̀yin á so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ nínú bẹ́líìtì tó di itan àti ìbàdí yín mú. Wáyà yìí kì í le tantan. Ńṣe ló máa ń tẹ̀ láàárín bí okùn ìsáṣọ tí aṣọ tútù wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá àárín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀, eré á sì máa dín kù fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìwọ̀n ara ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ máa ń dá ẹni tó fúyẹ́ lọ́wọ́ kọ́ ju ẹni tó wúwo lọ. Bí ẹ̀yin bá tó kílò 95, ẹ ó bá eré dé pèpéle. Táíwò tí kò tó kílò 25 lè dúró nígbà tó kù mítà 20 kó dé, kó wá so rọ̀ síbẹ̀ bí àgbálùmọ̀ orí igi. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún 8, afẹ́fẹ́ ló kọjú sí i tó fi dúró. Kò sunkún rárá. Nígbà tí mo fi púlì tèmi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orin ló ń kọ, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. Mo fi okùn kúkúrú so ó mọ́ ara mi, mo sì ń fọwọ́ fa wáyà, ọwọ́ kan ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì, títí a fi dé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Àmọ́ ìyá rẹ̀ tó dúró lórí pèpéle kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Lójú tiẹ̀, ó tó ọdún kan.

Nítorí náà, ẹ bi ilé iṣẹ́ náà pé kílò mélòó ló kéré jù kí ọmọ tó lè dá gùn ún. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń so ọmọ tó fúyẹ́ mọ́ amọ̀nà, kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ọmọ ọdún 7 lè máa dá lọ láìwọn kílò rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ìwọ̀n wà fún àgbà náà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba ẹni tó bá ju kílò 113 sí 125 lọ, torí náà ẹ má fi ojú ti ara yín, ẹ sọ òótọ́ kílò yín.

Ọmọ ọdún 15 yẹn lè dá lọ, àmọ́ kí ẹ kọ́ ọ ní nǹkan méjì nílé. Tí púlì bá ń yí, kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé wáyà níwájú rẹ̀ láé, torí púlì kò mọ ìka yàtọ̀ sí wáyà. Tó bá sì dúró lójú ọ̀nà, kó yí ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, kó máa fi ọwọ́ méjèèjì fa ara rẹ̀ lọ láìsáré, títí amọ̀nà á fi nawọ́ sí i. Ẹni tó bá ti mọ èyí kì í kígbe.

Ní ti bíréèkì gan-an, ẹ jẹ́ ká lọ́ra níbí. Lórí ọ̀pọ̀ wáyà àtijọ́, àlejò fúnra rẹ̀ ni bíréèkì. Wọ́n á fún un ní ìbọ̀wọ́ awọ, wọ́n á ní kó tẹ wáyà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn púlì bí amọ̀nà bá ti juwọ́. Mo ṣì ní ọ̀kan nínú àwọn ìbọ̀wọ́ yẹn nílé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ibi tí wáyà ń gbà kọjá ti jin bí ilà ojú, ó sì ń rùn bí awọ tó jóná títí di òní. Ní ọjọ́ tí oòrùn ràn, ó ń ṣiṣẹ́. Tí òjò bá ti rọ̀ sórí wáyà, ìbọ̀wọ́ yẹn á máa yọ̀. Ẹni tí kò gùn ún rí yóò tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù, á sì fi ẹsẹ̀ gbá pèpéle. Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ yá jù, á dúró sínú afẹ́fẹ́. Oṣù Keje lẹ ń lọ, òjò wà níbẹ̀. Èmi kì í gba ìdílé tó ní ọmọdé nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ síbi tí àlejò ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ dúró.

Ibi tí bíréèkì wà lórí wáyà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ó lè jẹ́ sípíríìnì gígùn tó ń gba púlì mọ́ra. Ó lè jẹ́ búlọ́ọ̀kù kékeré tí amọ̀nà ń fi okùn dì mú, tó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá kàn án. Kí ẹ wá béèrè bíréèkì kejì. Bí àkọ́kọ́ bá kọ̀, tàbí bí amọ̀nà bá gbojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ni yóò dá ọmọ mi dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án? Ẹni tó mọṣẹ́ á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á tún nawọ́ sí i fún yín. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ta ló wá yẹ wáyà wọn wò kẹ́yìn láti ìta, àti ìgbà wo. Àwọn ìlànà tí iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni ti ẹgbẹ́ ACCT ní Amẹ́ríkà, ASTM F2959, àti EN 15567 ti ilẹ̀ Yúróòpù. Àyẹ̀wò ọdọọdún láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ́n, àwọn amọ̀nà fúnra wọn sì gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo rẹ̀ wò láràárọ̀ kí àlejò tó dé.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tètè wọ bẹ́líìtì. Ẹ dúró, kí ẹ wo èèyàn mẹ́ta tó ṣáájú yín. Ìkọ́ irin méjì ló yẹ kó wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ń yí i kúrò lórí wáyà kan sí òmíràn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní ìdè kí èkejì tó ṣí. Bí ẹ bá rí ẹni tó dúró lórí pèpéle gíga tí ìkọ́ méjèèjì rẹ̀ ń jù lọ jù bọ̀, ẹ kó ìdílé yín sọ̀kalẹ̀. Owó tí ẹ san á gbé, ó kéré.

Ọ̀rọ̀ irun ìyàwó yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé obìnrin wa kì í lọ ìsinmi láìdi irun tuntun. Nígbà kan, obìnrin kan wà nínú àwọn tí mo mú lọ, ó di irun gígùn tó dé ìbàdí, ó sì rẹwà. A sọ fún un kó kó o sínú aṣọ, ó kó o, àmọ́ ìdì méjì yọ jáde bó ṣe tẹ orí sẹ́yìn. Púlì fà wọ́n wọlé. Ó dúró gbọn-in láàárín wáyà, orí rẹ̀ fà sókè, kò lè yí ọrùn. Ọ̀bẹ kékeré ni mo fi gé irun náà lórí afẹ́fẹ́, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ kó má mira. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó di èyí tó kúrú, tàbí kó kó gbogbo rẹ̀ mọ́ ọrùn, kó fi ìborí tó fún mọ́ orí dè é kí ó tó dé àṣíborí. Gèlè, ṣéènì, yẹtí gígùn àti sálúbàtà, ilé ìtura ni kí wọ́n wà. Ṣòkòtò tó bo orúnkún àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí gbogbo yín wọ̀.

Ẹ̀rù tó ń ba ìyàwó yín kì í ṣe àìsàn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tì í gòkè, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó máa ń tu ẹni tó ń bẹ̀rù nínú ni kó mọ̀ pé ọ̀nà àbájáde wà. Ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó pé bí ẹnì kan bá gun wáyà àkọ́kọ́ tó sì ní òun ò ṣe mọ́, ibo ló máa gbà sọ̀kalẹ̀? Ní àwọn ibì kan, ẹni tó bá ti kúrò lórí pèpéle àkọ́kọ́, ó di dandan kó gun gbogbo rẹ̀ tán. Ní òmíràn, wáyà kúkúrú kan tàbí méjì wà níbẹ̀rẹ̀ fún ìdánwò. Irú ìyẹn ni kí ẹ mú un lọ.

Ibo ni kí ẹ wá lọ? Àwọn ibi méjì tí ọ̀pọ̀ ń lọ ni La Fortuna, nísàlẹ̀ òkè ayọnáyèéfín Arenal, àti Monteverde. Ojú ọjọ́ wọn kò jọra rárá. Monteverde ga tó nǹkan bíi mítà 1,400, kùrukùru ló sì ń bomi rin igbó rẹ̀. Ewédò àti àwọn ewéko tó ń gbé lára igi bò ó débi pé ẹ̀ka igi á wúwo bí ẹni wọ agbádá. Ó rẹwà, àmọ́ ó tutù, ẹ máa nílò súwẹ́tà. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ gun wáyà kìlómítà kan kí ẹ má rí nǹkan kan ju funfun lọ. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ìjì ibẹ̀ le gan-an, ó máa ń mú kí wọ́n ti àwọn wáyà gígùn pa. Ti oṣù Keje sàn díẹ̀. Àkókò òjò ni lóòótọ́, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kọkànlá, àmọ́ òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀ ní àárín ọdún, wọ́n ń pè é ní veranillo, ẹ̀ẹ̀rùn kékeré. Bí ẹ bá gba àyè aago 7 tàbí 8 òwúrọ̀, ọ̀sán ni òjò sábà máa ń dé, ẹ ó ti parí. Mànàmáná ni kò sí ẹni tó ń bá a jà. Bó bá ti kọ, gbogbo wáyà á dúró, ẹ má sì bínú sí wọn.

La Fortuna ló wà ní ìsàlẹ̀, ibẹ̀ móoru bí ilé. Arenal bú gbàmù ní 1968, ó ń tu iná lọ títí di 2010, ó ti dákẹ́ báyìí. Igbó ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí Màmá rí, torí igi tí wọ́n ń pè ní ceiba níbẹ̀, àràbà tiwa gan-an ni, irú igi kan náà tó wà nílẹ̀ wa, ìtí rẹ̀ tó fẹjú bí ògiri yàrá, gbòǹgbò rẹ̀ tó dúró bí pákó. Mo mú ìyá àgbà kan láti Ọ̀yọ́ dé ìdí ọ̀kan nígbà kan rí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó sì kí i.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kí ẹ lò ní La Fortuna, kí gbogbo yín gun wáyà níbẹ̀. Kí ẹ wá fi ọkọ̀ ojú omi gba orí adágún Arenal lọ sí Monteverde, kí ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín ọkùnrin gun èyí tó gùn yẹn. Ọjọ́ tó kù, ẹ fi padà sí San José. Owó zipline sábà máa ń wà láàárín dọ́là 50 sí 100 fún àgbàlagbà kan.

Ṣé ẹ máa rí ẹranko? Lórí zipline, rárá, tàbí kó jẹ́ orí ire. Ariwo púlì yẹn dà bí ẹni ń fa páànù lórí kọnkéré, tí igbe àwọn ọmọ bá tún kún un, ọ̀bọ wo ló máa dúró? Èyí máa ń dùn mí díẹ̀, torí nítorí wíwò ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi okùn gun àwọn igi wọ̀nyí. Ní àwọn ọdún 1970, Donald Perry, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí tó wá láti Amẹ́ríkà, ń fi okùn gun orí igi ní La Selva, ibùdó ìwádìí inú igbó ní Costa Rica, ó ń jókòó sókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, níbi tí ewé ti pàdé ewé, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun abẹ̀mí igbó náà ń gbé. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣòwò sọ wáyà di ohun tí àlejò ń sanwó fún. Perry fúnra rẹ̀ kò ṣí zipline. Ọkọ̀ orí wáyà tó ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín igi ló ṣí ní 1994, nítòsí ọgbà Braulio Carrillo.

Ẹ yà á sọ́tọ̀ báyìí: ọjọ́ kan fún zipline, òwúrọ̀ ọjọ́ mìíràn fún afárá tí wọ́n fi okùn irin so kọ́ sórí igbó. Ẹ gba amọ̀nà tó ní awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn, kí ẹ dé ibẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ fi máa rí toucan, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tóbi gan-an, àti sloth, ẹranko tó ń rìn bí ẹni tí kò ní ibì kankan láti dé. Àwọn ọ̀bọ tó ń bú ramúramù ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí wọn. Kẹ́hìndé lè rò pé kìnnìún ni.

Nǹkan kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín wò, ìyẹn ọrùn igi tí wọ́n so wáyà mọ́. Oúnjẹ tí ewé ṣe, inú èèpo ló ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bọ́ gbòǹgbò. Bí wọ́n bá yí wáyà mọ́ igi láìfi pákó sáàárín, igi á máa sanra, wáyà á máa wọlé, títí yóò fi fún un pa. Igi tó ń kú lọ ni ẹ wá ń fi ọmọ yín kọ́ yẹn. Ẹni tó bá tọ́jú igi rẹ̀ dáadáa, mo máa ń fọkàn tán an lórí ọmọ mi.

Owó tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ san kì í ṣe ti zipline rárá. Ìwé Màmá ni àkọ́kọ́. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ní òfin tiẹ̀ lọ́dọ̀ Costa Rica, ẹ kàn sí ilé iṣẹ́ aṣojú wọn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Wọ́n tún máa ń béèrè káàdì yẹ́lò, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 kí wọ́n tó wọlé. Ẹ gbà á fún wọn ní tòótọ́, kì í ṣe káàdì tí wọ́n rà láìgba abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbánigbófò. Ẹ ka inú rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ìwé ìbánigbófò ìrìn àjò ló yọ zipline kúrò nínú ohun tí wọ́n máa san owó ìtọ́jú lé lórí. Bàálù àti ilé ìtura ló tẹ̀ lé e. Zipline ni kó kẹ́yìn, kí ẹ sì yan ibi tí wọ́n máa dá owó padà bí òjò bá dí wọn lọ́wọ́.

Màmá kò gbọ́dọ̀ jókòó sí ilé ìtura máa ṣọ́ ẹrù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arenal, ilé iṣẹ́ Sky Adventures ní ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbé èèyàn gòkè. Ẹ̀yin lè gun zipline sọ̀kalẹ̀ láti òkè, kí Màmá àti ìyàwó yín, bó bá wù ú, bá ọkọ̀ náà padà. Afárá orí igbó yẹn náà yẹ wọ́n, bí orúnkún bá gbà. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó gbà, ẹ ní kí ẹnì kan nílé mú wọn lọ sí Lẹkki ní Èkó. Ibùdó ìdáàbòbò ẹ̀dá tó wà níbẹ̀ ní ọ̀nà orí igi tó gùn tó mítà 401, ó ń mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, àkàsọ̀ sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n rọra rìn, kí wọ́n wo àwọn ọ̀bọ ibẹ̀. Tí wọ́n bá ti padà dé ilé, ẹ pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì, tí ara á ti sọ òtítọ́, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí orúnkún ṣe rí. Èsì tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ fi pinnu bóyá tíkẹ́ẹ̀tì afárá mẹ́fà lẹ máa rà tàbí márùn-ún.